Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Gbẹ́nàgbẹ́nà: Ẹ Bá Wa Dá Ìyá Igi Sí

Sí Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó igbó,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Igi la fi ń jẹun, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ igbó fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Pákó ìrókò tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa báyìí, ibi funfun ara rẹ̀ pọ̀ ju àárín rẹ̀ tó gbó lọ. Ibi funfun yẹn sì ni kòkòrò fẹ́ràn. Kì í pẹ́ tí oníbàárà fi ń gbé àga padà wá: ihò wínníwínní lẹ́sẹ̀ àga, ìyẹ̀fun igi nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ojú a máa tì wá. Láyé àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́, òkúta inú ìrókò ló ń ká eyín ayùn wọn, torí ìrókò tó bá dàgbà a máa di òkúta sínú. Ayùn tiwa kì í sábà pàdé irú òkúta bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọn kì í jẹ́ kí igi gbó mọ́ kí wọ́n tó gé e.

Ọ̀nà tí katakata ń là kó lè wọ́ ìtì igi kan jáde ń tẹ ọ̀pọ̀ igi kéékèèké pa, òjò sì ń gba ibẹ̀ wọ́ ẹrẹ̀ lọ sódò. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń gba ilẹ̀ igbó ní tiwọn kì í dá igi kankan sí rárá. Wọ́n á ní àwọn yóò gbin òmíràn. Gmelina àti tíìkì, igi ilẹ̀ Éṣíà, ni wọ́n sábà ń gbìn. A ń lò wọ́n o, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò igbó. Àdán ló ń gbé hóró ìrókò kiri. Bí àdán kò bá ríbi sùn, ta ni yóò gbìn ín? Ọ̀gánwó tí a bá dá gbìn lẹ́sẹẹsẹ, kòkòrò á jẹ ọ̀mùnú rẹ̀, kò sì ní í nà mọ́. Ní 2022, ìpàdé CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí títa ẹranko àti igi tó lè run, ní Panama fi ọ̀gánwó àti igi apá ilẹ̀ Áfíríkà sára igi tí a kò gbọdọ̀ tà sókè òkun láìsí ìwé àṣẹ pé títà náà kò ní í run wọ́n.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ sí gígé igi tí kò tíì gbó. Ẹ dá ìyá igi tó ń so èso sí, àti igi etídò. Bí iléeṣẹ́ bá ń wá ilẹ̀, ẹ fún wọn níbi tí igbó ti tán tẹ́lẹ̀. Àwa náà ti fẹnu kò pé a kò ní í ra pákó igi kékeré mọ́, bó tilẹ̀ máa dín owó wa kù.

Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé tí iléeṣẹ́ fi ń bèèrè ilẹ̀ igbó, tó wà níwájú yín, ẹ bá wa wọ inú igbó náà láàárọ̀ ọjọ́ kan. A ti fi ẹfun sàmì sára àwọn ìyá igi tó ṣẹ́ kù, a ó sì mú yín dé ìdí wọn.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́