Yìnyín ṣì wà, ọ̀nà ni kò sí

Brooklyn Park, Minnesota
Ọjọ́ 16, oṣù Kẹta

Àlàní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ìyá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu díẹ̀? Bá mi kí àwọn ọmọ. Ohùn tí o gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp dé ọwọ́ mi, mo sì gbọ́ ibi tí o ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni méjì péré ló ń rìn lórí omi, Jésù àti wèrè, àti pé ìwọ mọ èyí tí mo jẹ́ nínú méjèèjì. Ó dáa. Èsì rẹ̀ gùn ju ohun tí mo lè sọ sínú fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ìbéèrè tí o fi parí rẹ̀ ló dùn mí jù: "Ṣebí o ní omi ló kún ìlú yín, kí ló wá dé tí o ò ríbi pẹja?" Òótọ́ ni, omi kún ìlú wa. Ara nọ́ńbà mọ́tò wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé adágún 10,000 ni àwọn ní, wọ́n sì tún rẹ ara wọn sílẹ̀ ni, torí èyí tó fẹ̀ tó ékà 10 sókè nìkan jẹ́ 11,842. Ọ̀kan wà tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sílé mi. Ojú títì ni mo ti ń rí i. Àmọ́ ilé olówó ló yí i ká, ẹ̀yìn ilé kọ̀ọ̀kan ló sì wọ inú omi lọ. Omi yẹn, gbogbo ayé ló ni ín. Ilẹ̀ tí o máa gbà débẹ̀ ló lólúwa. Bí o bá lè já bọ́ láti ojú ọ̀run sáàárín rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lé ọ.

Nígbà tí òtútù bá mú dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ni wá lára. Omi á dì gbagidi, àwọn ará ibí á sì wa ọkọ̀ gorí rẹ̀. Ọkọ̀ o, Àlàní, tọ́kọ̀! Wọn á gbé ahéré sórí omi, wọn á dá iná sínú rẹ̀, wọn á lu ihò sí ilẹ̀ ahéré, wọn á wá jókòó ti okùn ìwọ̀ bí ẹni tí ń ta ayò. Ẹni tó ní ilé ìgbafẹ́ létí omi á fi katakata la títì sórí adágún, á máa gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Ìjọba ti sọ ìwọ̀n: íǹṣì 4 yìnyín tuntun tó mọ́ gaara ló lè gba ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn, ti ọkọ̀ kékeré, íǹṣì 9 sí 10. Èyí tó bá funfun bí ẹ̀kọ, agbára rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Mo há a sórí bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ wa ní ìsọdipúpọ̀.

Oṣù Kẹta ni nǹkan máa ń yí padà. Láísẹ́ǹsì ìpẹja ọdún tó kọjá ti kú ní ìparí oṣù Kejì, mo ti ra tuntun. Walleye, ẹja tí wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí níbí, àkókò rẹ̀ ti parí lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kejì. Ní apá gúúsù tí a wà yìí, ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta ni gbogbo ahéré gbọ́dọ̀ ti kúrò lórí omi. Kí lèmi wá ń wá níbẹ̀? Crappie ni. Ẹja pẹlẹbẹ bí ẹpìyà, ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé. Bí o bá fi agbára fa ìwọ̀, ẹnu á ya, ẹja á lọ. Kò sí oṣù tí òfin dè é. Bí yìnyín bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, omi tuntun á máa ṣàn wọlé, atẹ́gùn á wọnú omi, crappie á sún wá síbi tí kò jìn, á wá jẹun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ méjì tó dára tó èyí láti pa á.

Àmọ́ yìnyín kì í ti àárín yọ́, etí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú etí omi ni oòrùn kọ́kọ́ ń mú, ooru rẹ̀ á sì jẹ yìnyín tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Àárín lè ṣì nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, tí etí ti di omi. Bí ọjà tó kún fọ́fọ́ tí wọ́n wá gé afárá rẹ̀.

Jẹ́ kí n ròyìn Sátidé àná fún ọ. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo kúrò nílé. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, èbúté ìjọba ni, tọ̀sán tòru ló máa ń ṣí. Wọ́n ti fi géètì dí i, wọ́n so àgádágodo mọ́ ọn, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé ẹrẹ̀ ti pọ̀, ọkọ̀ ń ba ilẹ̀ jẹ́. Mo lọ sí ìkejì, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ti ń gba dọ́là mẹ́wàá lọ́wọ́ mi láti oṣù Kejìlá pé kí n gba àgbàlá òun. Ó ti fa ṣéènì dí ẹnu ọ̀nà. Ajá rẹ̀ nìkan ló dá mi lóhùn. Mo bínú, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, mo rántí ìparí ọdún 2023, nígbà tí yìnyín ya lórí Upper Red Lake, adágún ńlá kan lápá àríwá ìpínlẹ̀ yìí, tó gbé apẹja tó lé ní 100 lọ, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn bọ̀. Ẹni tó dí ọ̀nà lè máa ronú ẹni tí wọ́n á wá wò lọ́wọ́ tí mo bá rì.

Red Lake yẹn náà, ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n. Púpọ̀ jù lọ omi náà, àwọn ará Red Lake Nation, ẹ̀yà onílẹ̀ gan-an tó ti wà níbí kí òyìnbó tó dé, ló ni ín, wọn ò sì jẹ́ kí àlejò pẹja nínú apá tiwọn. Àwọn ará ibí kan máa ń kùn sí i. Èmi ò bá wọn kùn. Nígbà tí walleye fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀, àwọn àti ìjọba ìpínlẹ̀ ló jọ dá pípa rẹ̀ dúró ní 1999, wọn ò sì ṣí i títí di 2006. Ìlú tó lè gbé àwọ̀n sílẹ̀ fún ọdún méje nítorí kí ẹja má baà tán, tó bá ní kí n dúró lẹ́yìn, màá dúró.

Èbúté kẹta ṣí. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó ń pè mí ní ọmọkùnrin, èmi tí mo ń fi dígí kàwé. Omi tó fẹ̀ tó gíga èèyàn kan wà láàárín ilẹ̀ àti yìnyín. Bàbá wọ́ pákó gígùn kan jáde nínú tọ́kọ̀ rẹ̀, ó gbé e ká omi, ó rìn ín kọjá bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá ìdáná. Kó tó pè mí, ó ki ọwọ́ bomi, ó ṣẹ́ yìnyín etí kan, ó fi ọ̀pá irin gbá a. Yìnyín náà tú ká sí wẹ́wẹ́ gígùn gígùn, bí àbẹ́là tí wọ́n tò ní ìdúró, ó ń dún ṣaworoṣaworo lórí ara wọn. Ó ní bí mo bá rí irú èyí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí n padà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n máa fi ọ̀pá gún iwájú kí n tó gbé ẹsẹ̀.

A dé ibi tó le. Èmi ti so ìṣó méjì onígi kọ́ ọrùn, èyí tí èèyàn fi ń gún yìnyín wọ́ ara rẹ̀ jáde bó bá já sómi. Ìyàwó mi ní ó jọ tírà. Mo fi ìlu ńlá oníbátìrì lu ihò méjì, torí okùn méjì ni òfin gbà lákòókò òtútù. Omi tó ti yọ́ sórí yìnyín bá gba ẹnu ihò wọlé, ó ń yí bìrìpé, bí ìgbà tí a fa ìdérí ìdí báàfù yọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tí okùn kìíní fi mì. Mo pa méje. Mẹ́wàá ni òfin gbà, mo sì fẹ́ kí ó pé, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá ò tíì lù dáadáa tí Bàbá fi ń kó ẹrù. Ó ní oòrùn ti ń jẹ etí.

Mo ní kí n pa ọ̀kan sí i. Nígbà tí mo débi pákó, Bàbá ti wà ní òkè. Yìnyín tí orí pákó gbé lé láàárọ̀ ti rọ̀ bí fùfú. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e, ó rọra rì, mo sì wọ omi dé itan. Àlàní, òtútù yẹn kì í ṣe òtútù, iná ni. Bàbá na ọ̀pá irin rẹ̀ sí mi, ó fà mí gòkè, kò sọ̀rọ̀ kankan títí a fi dé ìdí ọkọ̀. Ó wá bi mí pé mélòó ni mo pa. Mo ní méje. Ó ní òun pa mẹ́rin, òun sì gbẹ.

Ìwọ náà sọ pé àwọn tó ra etí ọ̀sà lẹ́yìn ilé yín ní Ẹ̀pẹ́ ti mọ odi, pé ọkọ̀ Bàbá rẹ ò tún ríbi gúnlẹ̀. Ṣé wọ́n ti lọ bá Baálẹ̀? Bí o bá kọ̀wé padà, sọ bó ṣe rí fún mi, má fi ẹyọ kan pamọ́. Kí o sì wò ó bóyá ìgèrè kan ṣì kù lórí àjà nínú èyí tí Bàbá hun. Mi ò ní fi pẹja níbí, òfin ò gbà á. Mo kàn fẹ́ gbé e kọ́ palọ̀ ni.

Ìyàwó mi kí ọ. Ó din ẹja náà mọ́ ata rodo, a fi jẹ ẹ̀bà, egungun nìkan ló kù.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: bàtà mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlémóoru, kò tíì gbẹ. Bàbá òyìnbó yẹn ti tẹ̀ mí láago pé ọjọ́rú ni òun tún ń lọ, pé òun ti rí pákó tó gùn jù ti àkọ́kọ́ lọ.