Licentiate kì í ṣe láísẹ́ńsì o

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ó yẹ kí ẹnì kan la ọ̀rọ̀ oyè yunifásítì Àgùdà, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní licentiate, yé àwọn òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó sanwó fọ́ọ̀mù. Pé yunifásítì kan jẹ́ ti Ìjọ Àgùdà kò sọ gbogbo oyè tó ń jáde níbẹ̀ di irú kan náà. Oríṣi méjì ni, wọ́n sì lè jọ wà nínú ọgbà kan.

Ọ̀kan ni oyè tí ìjọba ìlú fọwọ́ sí: ìṣègùn, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣirò owó, òfin ìlú. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbòmíràn náà ni. Ìwé àṣẹ tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1990, Ex Corde Ecclesiae, kàn ní kí wọ́n máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́ nínú iṣẹ́ tó ń kọ́, kí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ sì wà ní àrọ́wọ́tó gbogbo wọn. Kò fipá mú ẹnikẹ́ni di Àgùdà. Olùkọ́ tí kì í ṣe Àgùdà náà lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n ṣáà má pọ̀ ju àwọn tó jẹ́ Àgùdà lọ.

Ìkejì ni oyè tí wọ́n ń fi àṣẹ Póòpù fúnni, nínú tíọ́lọ́jì (ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run àti ìgbàgbọ́), filọ́sọ́fì (ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ èrò), òfin Ìjọ àti irú wọn. Ìwé àṣẹ Veritatis Gaudium, tí Póòpù Francis buwọ́ lù ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2017, ló ń darí èyí. Ìpele mẹ́ta ló ní: baccalaureate (oyè àkọ́kọ́), licentiate (oyè kejì), doctorate (oyè tó ga jù). Nínú tíọ́lọ́jì, ọdún 5 ni ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ní kéèyàn kọ́kọ́ ka filọ́sọ́fì fún ọdún 2, ọdún 3 ni. Licentiate tíọ́lọ́jì gba ọdún 2, kí ọ̀rọ̀ doctorate tó yọjú.

Licentiate yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Àwọn kan gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n rò pé irú láísẹ́ńsì tí wọ́n fi ń wakọ̀ ni. Àwọn mìíràn rò pé ó kéré sí dìgírì àkọ́kọ́. Rárá. Ìwé Òfin Ìjọ, abala 253, sọ pé ẹni tí yóò kọ́ni ní filọ́sọ́fì, tíọ́lọ́jì tàbí òfin ní sẹ́mínárì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó fẹ́ di àlùfáà, gbọ́dọ̀ ní doctorate tàbí licentiate láti ilé ẹ̀kọ́ tí Róòmù, ìyẹn ọ́fíìsì Póòpù ní Vatican, mọ̀. Abala 1421 béèrè irú rẹ̀ nínú òfin Ìjọ lọ́wọ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ Ìjọ. Ẹni tó gba másítàsì tíọ́lọ́jì lábẹ́ òfin ìjọba lè mọ̀wé dójú àmì, kí wọ́n sì tún dá a padà lẹ́nu ọ̀nà sẹ́mínárì. Ọwọ́ tó fún un ní oyè ló yàtọ̀.

Àwọn lọ́yà ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń bá lójijì jù. Lọ́yà á ní òun ti mọ òfin, licentiate òfin Ìjọ kò lè pẹ́ lọ́wọ́ òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2002 ni Róòmù ti sọ ọ́ di ọdún 3 dípò 2, tí wọ́n sì ní ẹni tí kò bá ka filọ́sọ́fì àti tíọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ọdún 2 nínú ìpele àkọ́kọ́. Wọ́n dìídì kọ ọ́ síbẹ̀ pé dìgírì òfin ìlú kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọdún 5 lọ́yà nìyẹn, nígbà tí ẹni tó ti parí ẹ̀kọ́ sẹ́mínárì á bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kejì tààrà.

Èdè náà ńkọ́? Ẹni tó ń ka òfin Ìjọ kò lè sá fún Látìnì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ ṣe licentiate nínú Ìwé Mímọ́ kò lè sá fún Hébérù àti Gíríìkì. Ẹni tí kò bá gbọ́ wọn tẹ́lẹ̀ á kọ́kọ́ jókòó ti èdè, owó tí ilé tọ́jú fún ẹ̀kọ́ náà á sì tán lójú ọ̀nà.

Ẹ tún kíyè sí sẹ́mínárì tó so mọ́ yunifásítì. Baccalaureate nìkan ni irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ (affiliation) wà fún, yunifásítì tí wọ́n so mọ́ ló sì ń fúnni ní oyè náà. Nítorí náà, ẹ béèrè orúkọ yunifásítì ọ̀hún, kí ẹ kọ̀wé sí wọn fúnra yín láti mọ̀ bóyá ìsopọ̀ náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Tí ìwé ẹ̀rí bá délẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti dárúkọ àṣẹ Póòpù tàbí ti Róòmù lórí rẹ̀, ẹ sì wo oyè náà: S.T.B. ni baccalaureate tíọ́lọ́jì, S.T.L. ni licentiate rẹ̀, J.C.L. ni ti òfin Ìjọ. Tí ẹ bá rí M.A., oyè tí ìjọba mọ̀ lẹ gbà yẹn.

Ìṣòro a tún máa wá láti òdìkejì. Orílẹ̀-èdè tí kò bá bá Vatican ṣe àdéhùn lórí oyè lè má ka S.T.L. sí nǹkan kan nígbà tí ẹ bá ń wá iṣẹ́ ìjọba. Kí ẹ tó kúrò nílé ẹ̀kọ́, ẹ gba àkọsílẹ̀ gbogbo kọ́ọ̀sì tí ẹ ṣe, pẹ̀lú iye wákàtí àti máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ Látìnì ni wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀rí, ẹ ní kí ọ́fíìsì wọn túmọ̀ rẹ̀ kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Ìtumọ̀ tí ẹ bá ṣe fúnra yín lè má wọlé.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́