Lẹ́tà sí Àbúrò Mi Ọkùnrin, tí Ìyàwó Rẹ̀ Fẹ́rẹ̀ẹ́ Bímọ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Inú mi dùn pé ìyàwó wa ti forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìgbẹ̀bí ìjọba ní Ìbàdàn, nítorí ibẹ̀ ni agbára wa ká. Ṣùgbọ́n agbẹ̀bí ni mí, mo sì mọ bí èrò ṣe máa ń pọ̀ tó ní irú ibẹ̀: agbẹ̀bí kan ṣoṣo lè máa sáré láàárín obìnrin mẹ́rin tí ń rọbí, nígbà tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà lórí ẹní nítorí pé bẹ́ẹ̀dì ti kún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Bí ilé ọmọ kò bá sún kì dáadáa lẹ́yìn tí ọmọ àti ibi ti jáde, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà, obìnrin tí ara rẹ̀ le koko sì lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ojú lásán kì í tètè mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ náà ti ju 500 mílílítà lọ, pàápàá bí aṣọ bá ti fà á mu. Ìwádìí E-MOTIVE, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní 2023, fi hàn pé bí a bá tẹ́ ọ̀rá alámì sábẹ́ ìyá láti fi wọn ẹ̀jẹ̀, tí a sì fún un ní gbogbo ìtọ́jú tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà láìfi falẹ̀, ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le máa ń dín kù púpọ̀. Síbẹ̀, ó di ìgbà tí ẹnì kan bá wo ọ̀rá náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí màmá wa tẹ̀ lé ìyàwó wa lọ síbẹ̀, kí wọ́n sì wà nítòsí rẹ̀ lẹ́yìn ìbí, kí wọ́n lè ké sí agbẹ̀bí bí aṣọ bá ń rin ṣìnkìn.

Ìwọ fúnra rẹ, lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní báńkì ẹ̀jẹ̀ ilé ìwòsàn náà kí oṣù rẹ̀ tó pé. Kò pọn dandan kí ẹ̀jẹ̀ rẹ bá tirẹ̀ mu, nítorí tìrẹ yóò rọ́pò èyí tí wọ́n bá fún un. Ó máa ń dùn mí gan-an nígbà tí ọkọ tí ara rẹ̀ le bá sá fún abẹ́rẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń gbọ̀n nínú yàrá.

Mo ń ṣe àmín sí àdúrà yín pé kí ó bí bí àwọn obìnrin Hébérù. Síbẹ̀, bí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ni, má ṣe ní kí wọ́n dúró de ìpàdé ẹbí. Òun ló ni ara rẹ̀. Bí ó bá ti gbà, kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Bí ó bá sì béèrè fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí lẹ́yìn náà, jọ̀wọ́, má ṣe dí i lọ́wọ́.

Pè mí lọ́jọ́ tí o bá ti fi ẹ̀jẹ̀ náà sílẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.