Òjìji ọkọ̀ máìlì 15 yẹn

Fọlárìn ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn gan-an pé ara yín le. Èsì ṣókí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ, àmọ́ gbólóhùn kan tí o fi parí ìwé rẹ kò jẹ́ kí n sinmi. O ní Will Smith tí kò sí nínú apá kejì fíìmù Independence Day, ìtàn àwọn àjèjì tó wá gbógun ti ayé, ló bà á jẹ́, pé ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ì bá dùn bíi ti àkọ́kọ́. Mi ò gbà. Mo tún méjèèjì wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ti 1996 lálẹ́ ọjọ́ kan, Resurgence ti 2016 lálẹ́ ọjọ́ kejì, ohun tí mo rí ni mo fẹ́ rò fún ọ.

Ṣé o rántí bí ti àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀? Orí òṣùpá la wà, níbi tí ipasẹ̀ àwọn ará Apollo 11, àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ṣì wà nínú erùpẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òjìji ńlá kan sì rọra bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọkọ̀ òfurufú àwọn àjèjì dé ayé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó máìlì 15. Wọ́n dúró lókè àwọn ìlú ńlá, wọn ò sì ṣe ohunkóhun. Wákàtí ń lọ. Àwọn kan ń di ẹrù, àwọn kan gun orí òrùlé lọ láti kí àlejò káàbọ̀. David, èyí tí Jeff Goldblum ṣe, ti rí i pé àmì kan fara pamọ́ sínú sátẹ́láìtì wa, ó ń ka àkókò tó kù kí wọ́n kọlù wá. Àwa òǹwòran mọ̀. Àwọn tó wà lórí òrùlé kò mọ̀. Kí iná tí àwọn ọkọ̀ náà fi jó ìlú tó jáde rárá, àyà wa ti já tán.

Wá wo apá kejì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wá, ó fẹ̀ tó máìlì 3,000, ó sì bà lé òkun Àtìláńtíìkì. Ojú wo ló fẹ́ gba nǹkan tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó dúró sábẹ́ ọkọ̀ máìlì 15 lè rí etí rẹ̀, níbi tó ti gé oòrùn kúrò lórí àdúgbò rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sábẹ́ ti 3,000, á kàn rò pé ilẹ̀ ti ṣú ni. Ìyá ọkọ̀ wà nínú ti àkọ́kọ́ náà lóòótọ́, ó sì tóbi ju ti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n Roland Emmerich tó darí fíìmù náà fi í sílẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ló rán wá bá wa. Emmerich kan náà ló sì darí apá kejì. Iṣẹ́ náà kò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló dùn mí jù.

Iná yẹn pàápàá, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n kọ́ àwòṣe ìgboro kékeré, wọ́n gbé e nàró bí ògiri, kámẹ́rà wà lókè, ẹ̀tù wà nísàlẹ̀. Iná a máa gòkè ni, nítorí náà bó ṣe ń gun òpópónà àwòṣe yẹn, lójú wa ńṣe ló dà bíi pé iná ń yí bọ̀ wá bá wa láti ìkángun títì. Wọ́n gba Oscar fún iṣẹ́ àrà wọ̀nyẹn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 dọ́là ni wọ́n ná sórí fíìmù náà, ó sì pa ju mílíọ̀nù 800 lọ káàkiri àgbáyé. Wọ́n ná tó mílíọ̀nù 165 sórí ti ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n fi kọ̀ǹpútà gbé odindi ilé gogoro kúrò ní Éṣíà, wọ́n dà á sórí London. Mo jókòó, mò ń wò ó, kò ká mi lára. Owó tó pa kò tó mílíọ̀nù 400.

Ikú ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ wò, Fọlárìn. Nínú ti àkọ́kọ́, hẹlikọ́pítà tó gbé ìyàwó Whitmore, ààrẹ Amẹ́ríkà inú fíìmù náà, já. Jasmine, tí Vivica A. Fox ṣe, ló rí i nínú àwókù, ló gbé e kiri títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. Kámẹ́rà kò kánjú. Tọkọtaya yẹn sọ̀rọ̀ díẹ̀, Whitmore jáde, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré sì bi í bóyá màmá òun ti sùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Títí di òní, mi ò lè wo ibẹ̀ kí ọ̀fun mi má dí.

Jasmine kan náà ló kú nínú apá kejì. Ó ń gba ìyá ọlọ́mọ kan là ní ilé ìwòsàn nígbà tí ilé náà wó, ọmọ rẹ̀ Dylan sì ń wò ó látinú ọkọ̀ òfurufú rẹ̀. Obìnrin tó gbé aláìsàn kiri nínú eruku ní ogún ọdún sẹ́yìn! Kí n tó mí kanlẹ̀, wọ́n ti gbé wa lọ síbòmíràn. Whitmore náà fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ láti pa ayaba àwọn àjèjì náà, bí awakọ̀ òfurufú Russell Casse ṣe fi tirẹ̀ lélẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ayaba náà tún jáde láàyè, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìjà mìíràn. Kí ni wọ́n wá fi ikú bàbá yẹn ṣe?

Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Smith. Lóòótọ́, wọ́n ní Hiller, ẹni tí Smith ṣe nínú ti àkọ́kọ́, kú ní 2007 níbi tó ti ń dán ọkọ̀ òfurufú tuntun wò, wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ kọ́ ògiri. Ká ní ó wà láàyè, òun náà ì bá kàn máa sáré láti ìran kan bọ́ sí òmíràn bíi ti àwọn yòókù ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mú mi dìde jókòó: Dikembe Umbutu, jagunjagun láti Áfíríkà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn àjèjì jà lórí ilẹ̀, tó ń fi àdá méjì pa wọ́n. Ogun tí ayé kò bá wọn dá sí! Àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, wọ́n sì kọjá. Fíìmù tó yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn, ó wà nínú tiwọn, wọn ò rí i.

Bí o bá ráyè, tún ti àkọ́kọ́ wò, ṣùgbọ́n dá a dúró ní kété tí àmì David bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Wo ojú àwọn tó wà lórí òrùlé yẹn. Kí o wá kọ̀wé sí mi bóyá o rí irú ojú bẹ́ẹ̀ níbikíbi nínú apá kejì, nítorí mo wá a títí, mi ò rí i.

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Délé