Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ní wọ́n ti ba orin òun jẹ́

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú òtútù Kánádà yẹn. Gbogbo wa wà dáadáa ní Abẹ́òkúta. Màámi ní kí n kí yín, ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́, wọ́n ti ń dá lọ sí ìsọ̀ wọn ní Ìtòkú.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kọjá ohun tí èèyàn ń tẹ̀ sórí WhatsApp, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo fi rímíìsì "Frozen" ránṣẹ́ sí yín, orin Madonna, olórin Amẹ́ríkà nì, tí wọ́n tún ṣe fún ijó, gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ fi dá mi lóhùn: "Wọ́n ti ba orin mi jẹ́." Mi ò fèsì. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín, mo sì mọ ibi tí orin yẹn ti kàn yín lára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, torí ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́ mi ní ìfẹ́ rímíìsì.

Ṣé ẹ rántí kásẹ́ẹ̀tì yẹn? Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Owó tí Màámi fún yín pé kí ẹ fi dirun lẹ gbé fún ẹni tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì ní Sápọ́n, pé kó yí "You Can Dance" ti Madonna fún yín. Ọdún 1987 ni àwo náà jáde. Orin méje ni, mẹ́fà nínú wọn la ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, "Spotlight" nìkan ni tuntun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tú wọn palẹ̀, wọ́n tún wọn tò, wọ́n sì so wọ́n mọ́ra débi pé kí ọ̀kan tó jáde, èkejì ti wọlé. Tí iná bá lọ, ẹ ó sá bátìrì sóòrùn lórí páànù ilé ìdáná, ẹ ó sì fi bírò yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn kí bátìrì má baà tètè kú. Ẹ ó wá ti ilẹ̀kùn yàrá, èmi pẹ̀lú yín, a ó máa jó títí òógùn yóò fi bò wá.

Lọ́jọ́ kan Bàámi ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà wá. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n ní, "Kí ló dé tí orin yìí ò tán?" Ẹ̀yin náà ò mọ ohun tí ẹ máa sọ. Wọ́n bá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n tẹ́tí, wọ́n wá ní, "Ẹni tó ṣe èyí mọ̀ pé àwọn èèyàn ń jó."

Mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ náà. Bàámi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì orin yẹn dáadáa, àmọ́ wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, torí irú rẹ̀ wà lábẹ́ àga wọn. Ẹ wo àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Olóyè Ebenezer Obey tí wọ́n tò síbẹ̀. Wọn á gbé abẹ́rẹ́ lé e, orin á wọ inú orin, odidi apá kan á lọ láìdánudúró. Bí jùjú ṣe rí nìyẹn. Onílù wo ló máa dákẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń lẹ owó mọ́ olóde lórí? Rédíò òyìnbó ló ní kí orin má kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin. Nígbà tí àwọn oníjó ní New York fẹ́ kí orin gùn ní àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń tún orin ṣe, bíi Tom Moulton, ló bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tí wọ́n gé kúrò padà. Wọ́n gbé orin kan ṣoṣo sórí àwo fífẹ̀ tó jẹ́ ínṣì 12. Àyè wá gba ipa tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ láti fẹ̀, ìlù àti béèsì sì lè dún kíkankíkan. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń wá kiri lọ́hùn-ún ti wà nílé wa ní Ìjẹmọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú rímíìsì ni ìgbà tí ohùn Madonna bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ku ìlù àti béèsì nìkan. Ó máa ń dà bí ìgbà tí ìyáàlù bá dákẹ́ díẹ̀, tí gúdúgúdú wá ń dá ṣe tiẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn lèèyàn tó ń mọ̀ pé gúdúgúdú ló ti ń gbé ẹrù náà látàárọ̀. Tí ohùn bá wá padà wọlé, ara á bù mí ṣìn-ìn.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára o, mo gbà bẹ́ẹ̀ fún yín. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó tún un ṣe kàn gé ohùn rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó wá ń lu ìlù lé wa lórí bí ẹni tó ń gún odó tí kò sí iṣu nínú rẹ̀. Èmi náà máa ń fò wọ́n kọjá. Ṣùgbọ́n láti "Holiday" ní 1983 títí dé "I Don't Search I Find" ní 2020, orin Madonna 50 ló ti gba ipò kìíní lórí àtẹ orin ijó ti Billboard, ìwé ìròyìn orin ní Amẹ́ríkà. Ní 2022 ó kó wọn jọ sójú kan. Mo ń fi wọ́n rìn nírọ̀lẹ́ láti Kútọ̀ lọ sí Òkè-Ìléwó, ọ̀nà náà kì í sì í jìn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí "Frozen".

Ní 1998 tó jáde, ọdún náà ni Bàámi lọ. Ẹ máa ń gbọ́ ọ lóru, jẹ́jẹ́, ẹ ó tún dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Ògiri kan ló wà láàárín wa, mo máa ń gbọ́ ẹkún yín. Mi ò sọ fún yín rí. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti gbé orin yẹn sórí rédíò, màá dìde lọ pa á. Ó ju ogún ọdún lọ tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 2022, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Pánsẹ́kẹ̀, mò ń ra wáyà. Ohùn yẹn bá dún. Mo ti fẹ́ jáde, àfi bí mo ṣe gbọ́ ìlù tí mi ò mọ̀ lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọkùnrin kan wọlé, ohùn ilé. Fireboy DML ni. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n bí i, ní 1996. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ẹ̀ ń fi orin yẹn sunkún. Ẹni tó sì tún orin náà ṣe, Sickick, ará Kánádà ni. Àǹtí mi, ẹ gbọ́ mi yé: ìlú tí ẹ wà àti ìlú tí mo wà ló pàdé nínú orin yín.

Ẹsẹ̀ mi ti ń jó kí n tó rántí Bàámi. Nígbà tí mo sì rántí wọn, kì í ṣe inú pósí ni mo ti rí wọn. Etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń bi wá ìdí tí orin ò fi tán.

Ẹnikẹ́ni ò gba ti 1998 lọ́wọ́ yín. Gòjé òyìnbó inú rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà, ẹ lè máa fi dá gbọ́ lóru. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ tún gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má jẹ́ lórí fóònù. Ẹ wá sípíkà tó ní béèsì, ẹ má sì jókòó gbọ́ ọ.

Tí ẹ bá dé ní Oṣù Kejìlá fún ọgọ́rin ọdún Màámi, mo ti bá DJ sọ̀rọ̀. Obey ló máa kọ́kọ́ lù, odidi apá kan. "Frozen" ló tẹ̀ lé e.

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn wà lọ́wọ́ mi. Rẹ́kọ́ọ̀dù Bàámi ni mò ń nù tí mo fi rí i láàárín wọn. Ohun tí ẹ fi bírò pupa kọ sára rẹ̀ kò tíì parẹ́: "Ẹ MÁ YÍ NǸKAN MÌÍRÀN SÓRÍ ÈYÍ O." Ẹnikẹ́ni ò yí nǹkan kan sórí rẹ̀.

Èmi ni,
Àbúrò yín