Lẹ́tà sí àbúrò mi ní Manchester: má jẹ́ kí wọ́n fi Ìkòròdú pa ẹ́ lẹ́nu mọ́

Ìyá Ìbejì, àbúrò mi àtàtà,

Mo ti gbọ́ voice note ẹ méjèèjì. Mo gbọ́ bí ohùn ẹ ṣe ń gbọ̀n, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òru tó o fi gbé Kẹ́hìndé jókòó ní A&E (ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ọsibítù) tí ara ọmọ ń gbóná janjan ló ń dùn ẹ́ jù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ẹ lẹ́yìn ẹ̀ ni. Ìyá òyìnbó tẹ́ ẹ jọ wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tó ní tí ibẹ̀ ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó o padà síbi tó o ti wá. Àti àǹtí wa nílé níbí, àwọn tó yẹ kí wọ́n bá ẹ kẹ́dùn, àwọn náà ní ṣé o ò mọ̀ pé aláìmoore ni ẹ́ ni, ṣé o ti gbàgbé Ìkòròdú, ṣé o mọ iye èèyàn tó ń gbààwẹ̀ torí kí wọ́n lè dé ibi tó o wà yẹn? Òyìnbó ní kó o dákẹ́, ará ilé ní kó o dákẹ́, gbogbo ohun tó o dẹ̀ sọ ò ju pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dá ọmọ ẹ lóhùn lọ.

Mi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ dípò kí n pè ẹ́, torí lórí fóònù wàá kàn ní torí pé ọmú kan náà la jọ mu ni mo ṣe ń gbè ẹ́ lẹ́yìn.

Ká kọ́kọ́ dúpẹ́ ná, torí ọpẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Fọ́tò Táyé ṣì wà lórí fóònù mi, èyí tí ọkọ ẹ yà nígbà tẹ́ ẹ bí wọn láìtíì tóṣù, ọmọ náà nínú incubator, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ nímú ẹ̀, apá ẹ̀ ò ju àtàǹpàkò bàbá ẹ̀ lọ, fìlà òwú kékeré kan wà lórí ẹ̀. O sọ fún mi nígbà yẹn pé àwọn ìyá àgbà kan tí wọn ò mọ̀ yín rí, tí wọn ò dẹ̀ ní fojú kàn yín láéláé, ló máa ń jókòó sílé wọn hun fìlà yẹn, tí wọ́n á kó o wá sọ́sibítù fún ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá dé láìtọ́jọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọlé, ọkọ ẹ ń wá ibi tí wọ́n ti ń sanwó, nọ́ọ̀sì kàn ń wò ó ni, kò yé e. Wọ́n fún yín ní ìwé pupa tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n àwọn ọmọ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára wọn sí, nọ́ọ̀sì mìíràn tún ń wá sílé wá wọ̀n wọ́n. Oògùn àwọn ọmọ, ọ̀fẹ́. Tìẹ náà, ọ̀fẹ́ títí di ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ.

Níbí, kí ọmọ tó wọnú incubator, dípọ́sítì á ti wọlé. Wọ́n á kọ líìsì lé bàbá ọmọ lọ́wọ́, gílọ́ọ̀fù, síríǹjì, òwú, dírípù, á máa sáré kiri Sábó lóru, ìyá ọmọ á máa bẹ̀ wọ́n pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa ṣe é lọ, wọ́n ń mówó bọ̀. Nínú gbogbo owó tí Nàìjíríà ń ná lórí ìtọ́jú aláìsàn, nǹkan bíi 70 nínú 100 ló ń tinú àpò aláìsàn àti ẹbí ẹ̀ jáde. Torí náà nígbà tó o bá gbọ́ tí àǹtí ń sọ̀rọ̀ burúkú yẹn, má rò pé ìlara ni o. Wọ́n ti sin ọmọ rí, ìwọ náà mọ̀, àìrówó san ló pa á. Ẹni tó ti rí irú ẹ̀, á ṣòro fún un láti gbọ́ kí èèyàn máa ráhùn nípa ọsibítù tí kì í gbowó.

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Àmọ́ ta gan-an là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí.

Ètò ìlera ọ̀fẹ́ ìjọba ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NHS, 5 July 1948 ló bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀, Aneurin Bevan, ọmọ Tredegar ní Wales, awakùsà ni bàbá ẹ̀, òun náà ti wọ ihò èédú látọmọ ọdún 13. Ní Tredegar yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń yọ díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ wọn sójú kan, bíi ká máa dá àjọ, kí ẹni tó bá ṣàìsàn nínú wọn lè rí dókítà. Bevan ti rí i níbẹ̀ pé ó ṣeé ṣe, ìgbà tó wá di mínísítà ìlera, ó ní kí gbogbo ìlú máa jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ dókítà ló yarí fún un nígbà yẹn. Ìlú tó sì ti ṣẹlẹ̀ yìí, ìlú tó ń jọba lé àwa náà lórí níbí ni, ìlú ọlọ́rọ̀ ni, kò ní ṣòro rárá fún ẹnì kan láti sọ fáwọn awakùsà yẹn pé ẹ̀yin ẹ wo àwọn ará Lagos ná, kẹ́ ẹ máa dúpẹ́. Wọn ò tẹ̀ lé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní December 1952 èéfín èédú bo London fún bí ọjọ́ márùn-ún, ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, àwọn tó kù ò jókòó máa dúpẹ́ pé àwọn ṣì ń mí, wọ́n pariwo, ní 1956 òfin jáde láti dín èéfín kù. Ohun tó ò ń gbádùn lónìí, ẹni tínú ẹ̀ ò dùn ló jà fún un. Tó o bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, o ò lè gba oúnjẹ kó o wá kọ iná tí wọ́n fi sè é sílẹ̀.

Kí n tún fi kún un o, òyìnbó nìkan kọ́ ló gbé e ró. Ní 22 June 1948, àwọn èrò láti Caribbean sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi Windrush ní Tilbury, èbúté kan ní England, ọ̀sẹ̀ méjì péré kí NHS tó bẹ̀rẹ̀, látìgbà yẹn làwọn nọ́ọ̀sì láti Caribbean, láti ọ̀dọ̀ tiwa náà, ti ń gba iṣẹ́ òru, tí wọ́n ń wẹ aláìsàn, tí wọ́n ń gbẹ̀bí. Ìyá tó ní kó o padà sílé yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ni abẹ́rẹ́ ẹ̀ máa wà lóru yẹn.

Owó ńkọ́? Ṣèbí ẹ ń sanwó. Kí físà yín tó jáde, owó ìlera tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò, látọjọ́ 6 February 2024 ó ti kúrò ní 624 pọ́n-ùn, ó ti di 1,035 pọ́n-ùn lọ́dún fún àgbàlagbà, 776 fún ọmọdé. Ẹ san ìyẹn tán, wọ́n tún ń yọ owó orí àti National Insurance lára owó oṣù yín bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ lára ti gbogbo èèyàn. A kì í ṣe oore tán ká lóṣòó tì í, ká tiẹ̀ ní oore ni, èyí tẹ́ ẹ fi owó yín rà ńkọ́?

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa níbí, torí ọ̀rọ̀ kan náà ni. Transformer wa jó. Àwọn tó ń pín iná ní ká dá owó, ká rà á fúnra wa, tá a bá rà á tán á di tiwọn, àwa náà la tún máa san owó iná tó bá tibẹ̀ jáde. A ṣe mítìǹgì. Mo dìde, mo ní kí ló dé tá a máa ra ọjà fún ẹni tó ń ta ọjà fún wa, ẹ jẹ́ ká kọ̀wé, ká tò lọ sọ́fíìsì wọn, gbogbo landlord àti tẹ́náǹtì, ká jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi dá wa lóhùn. Bàbá kan, àgbàlagbà tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, wọ́n ní "Ìyá aránṣọ, ẹ jẹ́ ká máa dúpẹ́ o, àwọn àdúgbò kan wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tí wọn ò tíì rí òpó iná rí." Gbogbo ilé ní àmín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín iye tí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá. Bẹ́ẹ̀ ibi tá a jókòó sí yẹn, Ẹgbìn ò jìnnà sí wa, Ìkòròdú níbí náà ni, ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, 1,320 megawatt lápapọ̀, ọ̀kan lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe iná tó tóbi jù ní Nàìjíríà. Àwọn yẹn ò ṣẹ̀ mí, iná tí wọ́n bá ṣe, orí wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń gbà lọ. Àmọ́ èmi ń gbé nílùú tí wọ́n ti ń ṣe iná, ayọ́ọ̀nù eléèédú ni mo fi ń lọ aṣọ, mo máa ń da aṣọ àtijọ́ bo léèsì oníbàárà kí ẹ̀ta iná má bàa jó o, kí n tó wá gbé ayọ́ọ̀nù lé e díẹ̀díẹ̀.

Ṣó o rí i? Wọ́n fi Ìkòròdú pa ẹ́ lẹ́nu mọ́ ní Manchester, wọ́n fi àdúgbò ìsàlẹ̀ pa èmi lẹ́nu mọ́ ní Ìkòròdú. Àwọn ará ìsàlẹ̀ náà, ẹni tí wọ́n á fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ò ní ṣàìsí níbì kan. Kò níbi tó máa parí sí. Dídákẹ́ tó o bá dákẹ́ lọ́hùn-ún ò lè bu omi tútù sórí ọmọ kankan níbí.

Àwa níbí ti dúpẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ní 2003, èsì ìwádìí World Values Survey jáde, wọ́n ti bi àwọn èèyàn ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 60 bóyá inú wọn ń dùn, Nàìjíríà ló gba ipò kìíní, àwọn èèyàn sì fi yangàn. Ní April 2001, ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, àwọn olórí Áfíríkà ti pàdé ní Abuja, wọ́n ṣèlérí pé 15 nínú 100 owó ìṣúná ìjọba á máa lọ sórí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò ò tíì mú ìlérí yẹn ṣẹ. A ò bi wọ́n dáadáa, torí wọ́n ti kọ́ wa pé ká ṣáà máa dúpẹ́ pé a jí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àmọ́ o, voice note ẹ kejì, mi ò fara mọ́ ọn. O ní kò sí nǹkan kan tó dáa níbẹ̀, o ní ìlú burúkú ni. Àbúrò mi, irọ́ nìyẹn, fìlà Táyé ń wò ẹ́. Àwọn onílùú gan-an ló ń sọ irú ẹ̀, o ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ló fi wá bọ́ sí tìẹ lẹ́nu. Láti 1974 ni ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Richard Easterlin, ti kọ ọ́ pé ìlú lè máa lówó sí i kí inú àwọn èèyàn ibẹ̀ má dùn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá omi gbígbóná nínú ẹ̀rọ láti kékeré, kò mọ̀ pé ẹnì kan ló fà á wá. Tí nǹkan bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, tí kò mọ ẹni tó yẹ kó bi, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló máa yíjú sí.

Ìyá òyìnbó yẹn, mo ti ro ọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an. Òun náà ń dúró lóru yẹn, àbí? Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ní ó yẹ kí ọ̀pọ̀ èèyàn lò ní A&E, ọ̀sẹ̀ 18 ni wọ́n ní ó yẹ kéèyàn fi dúró de ìtọ́jú tí wọ́n kọ fún un, láti 2015 ni wọn ò ti bá ti àkọ́kọ́ mọ́, láti 2016 ni wọn ò ti bá ìkejì mọ́, ìwọ ò tíì gba páásípọ́ọ̀tù nígbà yẹn. Ní 2024, ìtọ́jú tí wọ́n ń dúró dè lórí líìsì ní England kọjá mílíọ̀nù méje. Boyá ọkọ ẹ̀ wà níbẹ̀, boyá òun fúnra ẹ̀ ni. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ní ẹjọ́ yẹn, ó wá fi ẹni tó yẹ kó bá rojọ́ sílẹ̀, ó kọjú sí ẹ. August 2024, irú ìbínú yẹn náà ló dé Rotherham tí wọ́n fẹ́ dáná sun òtẹ́ẹ̀lì táwọn tó sá àsálà wà nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ìwọ náà máa sọ ìbínú tìẹ káàkiri láìfi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan.

Fi ránṣẹ́. Gbogbo ọsibítù ńlá níbẹ̀ ló ní ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní PALS, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aláìsàn, kọ ọ́ fún wọn, ọjọ́ tó o dé, aago tó o dé, aago tí wọ́n tó yẹ Kẹ́hìndé wò. Nínú lẹ́tà kan náà, dárúkọ nọ́ọ̀sì tó fi aṣọ ara ẹ̀ bo ọmọ nígbà tí òtútù mú un, o sọ fún mi, má yọ ọ́ kúrò. Kọ sí MP yín náà, aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò dẹ̀ mọ̀, o lè dìbò níbẹ̀! Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ẹgbẹ́ tí Britain àti ọ̀pọ̀ ìlú tó ti jọba lé lórí rí jọ wà, ẹni tó bá ti ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú físà tó dáa, tó ti pé ọdún 18, á dìbò fún káńsù, á dìbò fún ìjọba àpapọ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa forúkọ sílẹ̀, ìwọ àti ọkọ ẹ. Tó o bá débẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ẹ gan-an wà lára ohun tó o lè fi hàn wọ́n. Lọ́jọ́ 4 July 2024 tí wọ́n dìbò fún ìjọba àpapọ̀, nǹkan bíi 60 nínú 100 àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló jáde, àwọn tó kù jókòó sílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dẹ̀ ń ráhùn.

Ọ̀rọ̀ àǹtí, fi sílẹ̀ fún mi, èmi á bá wọn sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tá a bá ṣe ìpàdé ẹbí, ìwọ má fún wọn lésì. Àwa náà ò tíì dá owó transformer tán, mo ti kọ lẹ́tà tiwa, ilé mẹ́rìnlá ló ti sáìn ín, bàbá yẹn náà sáìn.

Ṣé ara Kẹ́hìndé ti tutù báyìí, ṣé ó ti ń jẹun? Bá mi kí bàbá wọn. Tẹ́ ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ kó o sọ fún mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ,
Ìta Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú.