Kí Òrùlé Má Bá Ìjì Lọ: Lẹ́tà láti Mecúfi

Mecúfi,
Ìpínlẹ̀ Cabo Delgado,
Mòsáḿbíìkì.
Oṣù Kẹjọ, 2025.

Àdìgún, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú iṣẹ́ káfíńtà. Mo rí ìwé rẹ gbà. O béèrè ìdí tí a fi ṣì ń kọ́lé fún àwọn èèyàn etíkun yìí nígbà tó jẹ́ pé láti ọdún tó kọjá ni ìjì ti jà. Inú mi dùn pé ìwọ lo béèrè, nítorí ẹni tó ń kan òrùlé lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ náà yóò tètè yé.

Ìjì tí wọ́n ń pè ní Chido kọ́kọ́ jà ní erékùṣù Mayotte ní ọjọ́ 14, oṣù Kejìlá, 2024. Ní ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, ó gúnlẹ̀ sí Mecúfi níbí. Nǹkan bí 120 èèyàn ló kú ní Mòsáḿbíìkì, ilé tó bàjẹ́ sì ju 100,000 lọ. Ní ìlú tí mo wà yìí, agbára káká ni wọ́n fi rí ilé tí òrùlé rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Àwọn àgbà tí ìjì Kenneth tó jà ní àríwá ìlú Pemba ní 2019 kò tíì kúrò lọ́kàn wọn sọ pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Dikeledi tún jà ní ìpínlẹ̀ Nampula tó wà ní gúúsù wa nínú oṣù Kìn-ín-ní, Jude sì tẹ̀ lé e nínú oṣù Kẹta.

Ilé tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé kò lè ṣàjèjì sí ọ: wọ́n á ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n á fi ọparun dábùú wọn, wọ́n á fi amọ̀ rẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi koríko tàbí imọ̀ àgbọn bò ó. Àárín òjò ni ìjì máa ń jà, koríko tí wọ́n fi ń bo ilé kì í sì í gbó títí òjò yóò fi dá. Ẹni tí ilé rẹ̀ wó nínú oṣù Kejìlá gbọ́dọ̀ dúró di nǹkan bí oṣù Karùn-ún kó tó rí koríko tó dára gé. Àkókò òjò yìí náà sì ni wọ́n ń gbin nǹkan. Ẹni tó bá fi oko sílẹ̀ nítorí ilé, inú ilé tuntun náà ni ebi yóò bá a.

Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí wọ́n kó páànù fún èèyàn láìfún un ní ohun tí yóò fi dè é. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ̀fúùfù kì í tẹ òrùlé mọ́lẹ̀. Fífà ló ń fà á sókè láti òkè, èyí tó bá sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé yóò máa tì í láti ìsàlẹ̀. Páànù tí a fi ìṣó díẹ̀ kàn mọ́ igi yóò di àdá tí ń fò káàkiri ìlú. Ní tèmi, ilé koríko tí a dè dáadáa sàn jù ú lọ. A ní láti so igi òrùlé mọ́ igi orí ògiri, kí a so ìyẹn mọ́ òpó, kí òpó sì wọlẹ̀ jìn, lẹ́yìn tí a bá ti fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú kùn ún nítorí ikán. Bí ìdè kan ṣoṣo bá sọnù láàárín wọn, ibẹ̀ ni yóò ti já. Òrùlé tó dagẹ̀rẹ̀ sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la ń ṣe, a sì ń dá òrùlé ọ̀ọ̀dẹ̀ ṣe lọ́tọ̀, kí ó má bàa fa ti inú ilé lọ bí ó bá ṣí.

Bàbá káfíńtà kan wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ ẹ̀yà Makua ni, tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè ara wa. Ó ká irin pẹlẹbẹ kan gba abẹ́ igi orí ògiri, ó sì kan ìṣó rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti ìsàlẹ̀. Ìṣó tí a kàn láti ìsàlẹ̀, fífà lásán ni yóò yọ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àfi kí ìjì gé e. Nígbà tó ṣe tán, ó rọ̀ mọ́ igi náà, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ó ń jù dìrọ̀dìrọ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì bú sẹ́rìn-ín. Igi náà kò mì. Pemba ni irin náà ti ń wá, kì í sì í tètè dé. Bó bá tán, rọ́bà táyà tí a là tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń dè é.

Jọ̀wọ́, nínú ìwé rẹ tó ń bọ̀, bá mi ya àwòrán bí o ṣe máa ń so igun òrùlé níbi tí igi mẹ́ta ti pàdé. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tí à ń kọ́ ti ń fi igi ṣòfò jù, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i kí òjò oṣù Kọkànlá tó bẹ̀rẹ̀. Bá mi kí ìyá àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ọláìyá.